Bí Lọ́yà àti Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Ṣe Lè Lo AI Láìfi Orúkọ Ara Wọn Tọrẹ: Ìgbésẹ̀ Kan Lẹ́yìn Òmíì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Láti 2023 ni àwọn adájọ́ ti ń rí i nínú ìwé tí lọ́yà kó wá síwájú wọn, ẹjọ́ tí kò sí níbì kankan láyé, orúkọ olùpẹjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ olùjẹ́jọ́ wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, kódà ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní adájọ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ AI, irú bíi ChatGPT tó ń dáhùn ìbéèrè, ló jókòó hun gbogbo ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ti ṣẹlẹ̀ ní Kánádà, ní England, ní Australia, ní South Africa, kì í sì í ṣe àwọn lọ́yà tí ò nírìírí nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo AI o. Ẹni tó bá ní kí lọ́yà òde òní má fọwọ́ kàn án rárá, ó kàn ń tan ara ẹ̀ ni, torí àwọn oníbàárà gan-an ti ń lò ó kí wọ́n tó wá sí ọ́fíìsì. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ò ju ẹyọ kan lọ: ẹjọ́ yòówù tó bá máa jáde lábẹ́ orúkọ yín, kẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣí i, kẹ́ ẹ sì ti fojú ara yín kà á. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é láìjẹ́ kó gba gbogbo ọjọ́ yín ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí irọ́ ẹ̀rọ ṣe máa ń rí

Ẹjọ́ tó la gbogbo èèyàn lójú ni Mata v. Avianca, ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní New York. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ ò le. Ọkùnrin kan wọ bàálù láti El Salvador lọ sí New York ní 2019, ó ní kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ nínú bàálù gbá òun lórúnkún. Ilé iṣẹ́ bàálù ní ẹjọ́ náà ti pẹ́ jù, kí kóòtù dà á nù. Lọ́yà ọkùnrin yìí wá ní kí ChatGPT bá òun wá ẹjọ́ tó máa ti àwọn lẹ́yìn, ChatGPT kó o jáde wàràwàrà, wọ́n sì fi ṣọwọ́ sí kóòtù ní March 2023. Lọ́yà apá kejì wá àwọn ẹjọ́ náà títí, kò rí wọn, ó sì sọ fún kóòtù bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, Varghese v. China Southern Airlines. Nọ́ńbà tó gbé rù ni 925 F.3d 1339, ìyẹn ìdìpọ̀ 925 nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní F.3d, ojú ewé 1339, wọ́n ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kọkànlá ló dá a ní 2019. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìwé yẹn sójú ewé yẹn, inú ẹjọ́ míì lẹ máa já sí, J.D. v. Azar, tó jẹ́ pé kóòtù míì ló dá a. Nígbà tí kóòtù ní kí wọ́n kó àwọn ìdájọ́ náà wá, wọ́n tún padà lọ gba "ìdájọ́" lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Nínú ìdájọ́ Varghese yìí, obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ nítorí ẹni tó kú, kò pẹ́ ó di ọkùnrin kan tí bàálù fi sílẹ̀, ọkùnrin náà wá sọ ara ẹ̀ di ẹni tí ò lówó san gbèsè lábẹ́ Chapter 7, nígbà tó fi máa kan ìsàlẹ̀ ó ti di Chapter 13, tó jẹ́ ọ̀nà míì pátápátá nínú òfin gbèsè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ka ojú ewé méjì péré nínú ẹ̀ á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò lórí kò nídìí. Ibi tó dùn mí sí jù nìyẹn, torí kò gba ọgbọ́n ńlá kankan láti já a, kíkà lásán ti tó.

Lọ́yà náà tiẹ̀ bi ChatGPT pé ṣé òótọ́ ni àwọn ẹjọ́ yìí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹ lè rí wọn ní Westlaw àti LexisNexis, ibi tí àwọn lọ́yà ti ń sanwó wá ẹjọ́. Adájọ́ P. Kevin Castel bu $5,000 lé wọn lórí ní June 2023, ó sì ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí oníbàárà wọn àti sí gbogbo adájọ́ tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí adájọ́ yìí kan náà sọ: kò sí ohun tó burú nínú lílo ẹ̀rọ AI tó ṣeé gbára lé, lọ́yà ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń ṣe báyìí? Torí pé ẹ̀rọ bíi ChatGPT, tí kò bá wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí àpótí kankan tó ń ṣí wò, ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ló ń tò síra. Bí wọ́n sì ṣe ń kọ orúkọ ẹjọ́, bákan náà ló máa ń rí: ẹnì kan, v., ẹlòmíì, ọdún, kóòtù, nọ́ńbà. Kò sí ohun tó rọrùn fún un láti fara wé tó ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ irú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ẹ

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí gbogbo ayé ń lò, ChatGPT, Gemini, Claude àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni èyí tí wọ́n ṣe fún lọ́yà, tó máa ń kọ́kọ́ lọ wo inú àwọn ẹjọ́ gidi kó tó dáhùn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ sùn lọ. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford dán díẹ̀ nínú wọn wò ní 2024, wọ́n rí i pé láàárín 17% sí 33% ìdáhùn wọn ló ní àbùkù, bóyá òfin tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí ẹjọ́ tó tọ́ka sí wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹ̀rọ ní ó sọ. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ti tún àwọn ẹ̀rọ wọn ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹjọ́ gidi tí ò sọ ohun tí wọ́n ló sọ, òun gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, torí bẹ́ ẹ bá wá ẹjọ́ náà ẹ máa rí i, ọkàn yín á wá balẹ̀, ẹ ò sì ní kà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: bo àṣírí oníbàárà kí o tó tẹ ohunkóhun

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ ń lọ. Ẹ ṣí ètò inú áàpù náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ yín kọ́ ẹ̀rọ, ẹ pa á. Ẹ ka ibi tí wọ́n sọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi tọ́jú ọ̀rọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bi ọ̀gá yín èwo ni ọ́fíìsì fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ kó dáhùn lórí ímeèlì, kì í ṣe lẹ́nu lásán.

Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, ABA, gbé ìmọ̀ràn jáde ní July 2024, nọ́ńbà ẹ̀ ni Formal Opinion 512, wọ́n ní bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ látinú ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀, oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀, kó sì gbà, kí lọ́yà tó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní gbólóhùn kan tí wọ́n há sínú ìwé àdéhùn, tẹ́nì kankan ò ṣàlàyé, kò tó. Kódà bí ẹ ò bá sí ní Amẹ́ríkà, ẹ kà á, torí ojúṣe àṣírí yìí ò yàtọ̀ púpọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì.

Yíyọ orúkọ nìkan kọ́ ni bíbo àṣírí o. Bẹ́ ẹ bá kọ pé "ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó tóbi jù nílùú yìí fẹ́ kọ ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀", kí lẹ bò níbẹ̀? Ọ̀nà tó dáa ni kẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà di ìbéèrè òfin: "Agbanisíṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ kan tó ṣiṣẹ́ fún un fún ọdún mẹ́fà, ó dá a dúró láìfún un ní ìwé ìkìlọ̀, kí ni ohun tí kóòtù máa ń wò?" Ohun tí òfin nílò wà níbẹ̀, ohun tó máa tú ẹnikẹ́ni fó ò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fún un níṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe

Kẹ́ ẹ tó bi AI ní ìbéèrè òfin kankan, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé kan tó ṣàlàyé apá òfin yẹn, ì báà jẹ́ ojú ewé mẹ́wàá. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ń parọ́ fún un. Èmi gbà pé ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, wọ́n á lo ẹ̀rọ dípò ìwé, wọ́n á wá máa fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀rọ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tó lè bá yín ṣe pọ̀. Ẹ kó ìwé gígùn tẹ́ ẹ ní àṣẹ láti kó síbẹ̀, ẹ ní kó to ìṣẹ̀lẹ̀ inú ẹ̀ ní ọjọ́ sí ọjọ́, kó máa kọ ojú ewé tí kálukú wà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè padà lọ wò ó. Ẹ kọ àríyànjiyàn yín, ẹ ní kó ṣe bíi lọ́yà apá kejì, kó wá ibi tó ti jò. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò níí ṣe pẹ̀lú ẹjọ́ kankan tó máa hun, orí yín ló ń pọ́n. Ẹ ní kó bi yín ní ìbéèrè tí adájọ́ lè béèrè nígbà tẹ́ ẹ bá dìde sọ̀rọ̀. Ẹ ní kó sọ lẹ́tà yín di èyí tí ẹni tí ò ka òfin máa lóye. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ kó bá yín wá ẹjọ́, ẹ bi í pé irú ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi wá a, ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí ibi tí ẹjọ́ gidi wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyẹ ẹjọ́ wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má sáré kọjá níbí.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa wá a. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ń sanwó gọbọi. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ti ń gbé òfin sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1992, AustLII bẹ̀rẹ̀ fún Australia ní 1995, BAILII wà fún Britain àti Ireland láti 2000, National Archives ti England ní Find Case Law láti 2022, CanLII wà fún Kánádà, SAFLII fún South Africa, AfricanLII fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, CourtListener fún Amẹ́ríkà, EUR-Lex fún European Union. Ọ̀pọ̀ kóòtù pàápàá ló ní ojú òpó tiwọn. Ẹ kọ èyí tó kàn yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín kó má di pé ẹ tún ń wá a.

Ẹ má fi Google nìkan yẹ̀ ẹ́ wò o, torí àwọn ẹjọ́ irọ́ yìí ti wọ inú àwọn àpilẹ̀kọ kiri. Ẹ sì má bi AI míì pé ṣé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Mata ti fi hàn wá.

Èkejì, ẹ fi nọ́ńbà wá a, lẹ́yìn náà ẹ fi orúkọ wá a. Bí àpẹẹrẹ, [2025] EWHC 1383 (Admin). 2025 ni ọdún, EWHC ni High Court England àti Wales, 1383 ni nọ́ńbà ìdájọ́ náà lọ́dún yẹn, Admin ni ẹ̀ka kóòtù tó dá a. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí Find Case Law, ìdájọ́ kan náà ló máa gbé jáde: orúkọ, ọjọ́, àwọn adájọ́, gbogbo ẹ̀ á bára mu. (Ìdájọ́ yìí gan-an wúlò fún ọ̀rọ̀ wa, mo máa padà sórí ẹ̀.) Nínú ọ̀kan lára ẹjọ́ tí ìdájọ́ yìí dá lé, ẹnì kan ti fi El Gendy v Camden gbèjà ọ̀rọ̀, pẹ̀lú [2020] EWHC 2435 (Admin). Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn, kò sí ibi tí ojú ti lè rí àbùkù. Kò kàn sí ẹjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Torí náà bí orúkọ bá sọ̀rọ̀ kan tí nọ́ńbà sọ òmíì, ẹ dúró, ẹ má wá àwáwí fún un pé bóyá wọ́n ṣì í tẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ìpínrọ̀ tó kàn yín, pẹ̀lú mélòó kan ṣáájú ẹ̀ àti mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wò ni pé ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Adájọ́ lè máa ka àríyànjiyàn lọ́yà kan jáde kó tó sọ pé òun ò gbà, ẹ̀rọ á mú àríyànjiyàn yẹn pé adájọ́ ló sọ ọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ adájọ́ kan ṣoṣo tí èrò ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Ó sì lè jẹ́ ohun tí adájọ́ kàn mẹ́nu bà lójú ọ̀nà, tí kì í ṣe òun ló gbé ìdájọ́ ró. Gbogbo ìwọ̀nyí, òótọ́ ni wọ́n wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ẹrù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lé wọn.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú àmì ìfàyọ ọ̀rọ̀ pé adájọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ Ctrl àti F, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ẹ̀ wá a nínú ìdájọ́ náà. Kò jáde? Ẹ yọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe lọ́wọ́, ẹ lọ kọ́pì èyí tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ẹ̀karùn-ún ni kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹjọ́ náà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, láti 1873 ni Frank Shepard ti ń tà á fún àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, ìwé tó ń sọ fún wọn ẹjọ́ wo ló ti tọ́ka sí ẹjọ́ wo, àti bóyá kóòtù tó ga jù ti fagi lé e, ibẹ̀ ni Shepard's tí LexisNexis ní títí dòní ti wá. Westlaw náà ní KeyCite tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo tọ̀fẹ́, ẹ fi orúkọ ẹjọ́ náà wá àwọn ẹjọ́ tó dé lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó jẹ́ tuntun jù, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Táábù kékeré kan, ìyẹn àtẹ onílà, ti tó: orúkọ ẹjọ́, ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ìpínrọ̀ tẹ́ ẹ kà, ohun tó sọ ní gbólóhùn kan tẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi gbólóhùn kan yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹni tí ò bá ka ìdájọ́ kò lè kọ ọ́. Ẹ tọ́jú táábù yìí sínú fáìlì iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òfin tí ilé ìgbìmọ̀ ṣe

Èyí ò gùn. Ẹ̀rọ máa ń mọ òfin bó ṣe wà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, bí wọ́n bá ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ó lè má gbọ́. Ẹ lọ sí ojú òpó ìjọba, ẹ ka abala náà, ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí wọ́n lè fọwọ́ sí òfin lónìí kí apá kan nínú ẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ títí ọdún méjì. Kẹ́ ẹ sì rántí pé òfin tó wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tó wà lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kó o tó fọwọ́ sí i

Ẹ ka òfin kóòtù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ. Àwọn adájọ́ kan fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé ẹ lo AI, àwọn kan fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́rìí pé èèyàn ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò, àwọn míì ò sọ nǹkan kan. Ó ń yí padà ṣáá ni, torí náà ẹ wò ó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ wákàtí lẹ fi ń gbowó, tí ẹ̀rọ bá bá yín ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn pẹ̀lú àkókò tẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ lè gba owó ẹ̀. Ohun tí Formal Opinion 512 sọ náà nìyẹn, òótọ́ sì ni, torí owó oníbàárà ni. Àkókò tẹ́ ẹ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ, ẹ má kà á mọ́ oníbàárà lọ́rùn, àfi tó bá jẹ́ òun ló ní kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: iṣẹ́ tó tọwọ́ ẹlòmíì wá

Ìdájọ́ [2025] EWHC 1383 (Admin) tí mo ní mo máa padà sí nìyí. Dame Victoria Sharp àti Adájọ́ Johnson ló dá a ní June 2025, ẹjọ́ méjì ni wọ́n kó pọ̀, Ayinde àti Al-Haroun. Nínú Al-Haroun, ẹjọ́ 45 ni wọ́n tọ́ka sí, 18 nínú wọn ò sí rárá. Oníbàárà fúnra ẹ̀ ló lọ wá àwọn ẹjọ́ náà, lọ́yà ẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ náà, adájọ́ tí wọ́n gbé ìwé náà lọ bá gan-an ni wọ́n ní ó dá a! Nínú Ayinde, ẹjọ́ irọ́ márùn-ún, lọ́yà tó ṣì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ló kọ ìwé náà. Kóòtù tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti ní kí òun àti ilé iṣẹ́ tó gbé ẹjọ́ fún un san £2,000, £2,000. Kóòtù ẹlẹ́ẹ̀kejì wá ní ohun tó ṣe tó láti fi ẹ̀sùn àfojúdi sí ilé ẹjọ́ kàn án, àwọn kàn ò ní ṣe é, lára ohun tí wọ́n sì wò ni pé ọmọdé ni lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ìbéèrè wà fún àwọn tó yẹ kó máa bójú tó o. Síbẹ̀ wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà. Ní South Africa náà, nínú ẹjọ́ Mavundla ní 2025, ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló wá àwọn ẹjọ́, àwọn ọ̀gá ò yẹ̀ ẹ́ wò, kóòtù sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Legal Practice Council, àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í mọ lórí ọ̀gá nìkan. Bẹ́ ẹ bá kó iṣẹ́ fún ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀ kedere: "Mo lo AI fún apá yìí, mo ti yẹ ẹjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ wò, mi ò tíì yẹ méjì tó kẹ́yìn." Ọ̀gá tó bá bínú sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀gá míì díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀gá ló gbé ìwé fún yín tẹ́ ẹ rí ẹjọ́ tí ò sí nínú ẹ̀, ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀, ẹ má pariwo, ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo wá ẹjọ́ kẹta yìí ní ibi báyìí báyìí, mi ò rí i, ẹ jọ̀ọ́ níbo lẹ ti rí i kí n lè bá yín fi sínú fáìlì?" Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ ò pè é ní onírọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́. Ẹ wá fi ímeèlì kékeré tẹ̀lé e. Tó bá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ yín ò gbọdọ̀ wà lórí ìwé náà, kẹ́ ẹ sì kàn sí ẹni tó wà fún ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ẹgbẹ́ lọ́yà yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má ju iṣẹ́ sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lálẹ́ kẹ́ ẹ ní kó délẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún máa bínú pé ó lọ bá ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí àṣìṣe bá ti wọ kóòtù

Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Adájọ́ Castel kọ ọ́ sínú ìdájọ́ ẹ̀ pé ká ní àwọn lọ́yà yẹn ti jẹ́wọ́ nígbà tí apá kejì kọ́kọ́ pariwo ní March 2023, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí ì bá yàtọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀ wọ́n tọrọ àfikún ọjọ́ pé lọ́yà kan lọ ìsinmi, irọ́ sì ni. Irọ́ kejì ló máa ń pa èèyàn. Torí náà ẹ sọ fún ọ̀gá yín, ẹ sọ fún oníbàárà, ẹ pe lọ́yà apá kejì, ẹ kọ̀wé sí kóòtù: èyí ni ẹjọ́ tí ò sí, báyìí ló ṣe débẹ̀, a ti yọ ọ́, èyí la fi rọ́pò ẹ̀, èyí la ti ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ má di ẹ̀bi ru akọ̀wé. Bẹ́ ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ kó tó pẹ́.

Bí gbogbo èyí ṣe kan ọjọ́ ọ̀la iṣẹ́ yín

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀rọ máa gbaṣẹ́ lọ́yà kékeré. Ní 2023 wọ́n ní GPT-4, ọ̀kan lára ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ChatGPT, ṣe ìdánwò lọ́yà Amẹ́ríkà tó fi ju 90% àwọn tó ṣe é lọ, olùwádìí kan ní yunifásítì MIT tún un wò, ó ní nọ́ńbà yẹn ti ga jù. Èyí ó wù kó jẹ́, kò sí àní-àní pé àkọ́kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún àwọn ọmọ tuntun, kíka ìwé bí ilẹ̀ bí ẹní, ló ń lọ sọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n ń wá báyìí ni ẹni tó lè sọ fún ọ̀gá pé ìpínrọ̀ kẹta yìí ò tọ̀nà, ìdí ẹ̀ nìyí. Ìmọ̀ kíkà ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà níléèwé ní àkókò láti kọ́ ọ. Ẹ máa ka ìdájọ́ odindi kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú ewé kan ṣàlàyé ẹ̀, ẹ wá ní kí AI náà ṣàlàyé ẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìlà sídìí gbogbo ibi tó ti ṣì í. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú yín á ti mọ ibi tó máa ń ti yẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ mọ ohun tí iléèwé yín gbà láàyè nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, torí ẹ̀sùn jìbìtì níléèwé lè tẹ̀ lé yín dé iwájú àwọn tó ń gba èèyàn wọlé sí iṣẹ́ lọ́yà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ apá òfin tó ń gbòòrò, ẹ wo òfin AI fúnra ẹ̀. European Union ṣe ti wọn, Regulation 2024/1689, ó wọlé ní August 1, 2024. Láti February 2, 2025 ni àwọn ohun tí wọ́n fòfin dè ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn kan náà ni ó di dandan kí ilé iṣẹ́ tó ń lo AI kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀. Owó ìtanràn tó ga jù lè dé mílíọ̀nù 35 owó Euro tàbí 7% owó tó wọlé fún ilé iṣẹ́ náà káàkiri ayé lọ́dún kan, èyí tó bá pọ̀ jù. Ó sì kan ilé iṣẹ́ tí kò sí ní Yúróòpù bí ọjà wọn bá ń dé ibẹ̀, torí náà ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹnì kan máa nílò lọ́yà tó ti kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Article 5 àti Annex III, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé AI tí wọ́n ṣe fún àwọn adájọ́ láti fi wádìí òfin wà lára èyí tí wọ́n kà sí eléwu.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá dé íńtáfíù, wọ́n máa bi yín nípa AI, ẹ má sọ pé ẹ ò lò ó rí, ẹ má sì sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n lò dáadáa kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ sọ iṣẹ́ kan pàtó tẹ́ ẹ fi ṣe, ohun tó ṣì, àti bẹ́ ẹ ṣe rí i. Bẹ́ ẹ bá ní táábù ìgbésẹ̀ kẹrin tẹ́ ẹ ti ń lò fún iṣẹ́ iléèwé tàbí moot (ẹjọ́ àfidánwò níléèwé), ẹ tẹ ojú ewé kan nínú ẹ̀ jáde, kó má sí orúkọ oníbàárà kankan níbẹ̀, kẹ́ ẹ mú un dání. Ẹ tún bi àwọn náà léèrè: ẹ̀rọ wo lẹ fọwọ́ sí níbí, ta ló ń yẹ ẹjọ́ wò kí ìwé tó jáde, ṣé wọ́n máa ń fún ọmọ tuntun ní àkókò láti ṣe é? Bí wọn ò bá rí ìdáhùn kankan fún ìbéèrè kejì yẹn, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ náà.